Béèsì Tí Kò Mi Omi

Omi inú abọ́ kò mì rárá. Bàbá tẹjú mọ́ ọn, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn kì í kọrin."

Káfíńtà ni Bàbá, ará Búnú tí ilé rẹ̀ fara kan tiwa ní Lọ́kọ́ja. Òórùn góòmù àti igi tútù ni a fi ń mọ̀ pé ó ti jí. Àpótí sípíkà ló fi gbajúmọ̀. Bó bá kan ọ̀kan tán, yóò gbé abọ́ omi lé e lórí, yóò sì ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Bí omi bá jó, iṣẹ́ parí. Kásẹ́ẹ̀tì kan náà ni nígbà gbogbo: ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ olóògbé ti ń gbé béèsì. Ibẹ̀ nìkan ni ohùn ẹ̀gbọ́n náà kù sí láyé, Bàbá sì ń yangàn pé àpótí òun ni kò jẹ́ kó kú.

Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá kan tó kàwé ní òkè òkun gbé sípíkà méjì wá kí Bàbá kan ẹsẹ̀ sí wọn. Wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀kùn, wọn ò ní àpótí; awọ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni iná mànàmáná ń mì nínú wọn. Bàbá kan ẹsẹ̀ náà tán, ó tì wọ́n mọ́ ògiri bó ti máa ń ṣe sí tirẹ̀, ó gbé abọ́ omi síwájú wọn, ó sì ki kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ ẹ̀rọ. Béèsì kò jáde.

"Ẹ̀yìn àtiwájú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, Bàbá," ọ̀gá náà wí. "Ẹ jẹ́ ká fà wọ́n kúrò lára ògiri."

A fà wọ́n sí àárín yàrá. Omi ò mì síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ọkùnrin kan mí sínú, tó sì bẹ̀rẹ̀ orin nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró, níbi tí èmi ti máa ń gbọ́ gbì-gbì nìkan. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Bàbá. Ó ní kí wọ́n dá kásẹ́ẹ̀tì padà síbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi rèé," ó ní. "Gbogbo ìgbà yìí, àpótí mi ló ń bá a kọrin."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rò pé yóò palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, mo gbọ́ òòlù. Ó ti tú àpótí tirẹ̀, ó ń kan igi ìdábùú sínú rẹ̀, ó ń ki òwú sí i. Láti ìgbà náà, kò gbé abọ́ omi mọ́. Ìka ló fi ń kan ẹ̀gbẹ́ àpótí. Bí igi bá dáhùn, iṣẹ́ kò tíì parí. Kò sì tijú rárá. Ó ní ohùn èèyàn ni ti pẹrẹsẹ yẹn, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí àyà òun mì níbi ijó, kó wá sọ́dọ̀ òun. Wọ́n sì ń wá.

Bàbá ti lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ti sọ ọ́ di ẹni tí kò ṣàṣìṣe rí. Èmi ò gbà. Bí mo ti ń kọ èyí, ìka ni mo fi ń kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ mi wò bí ẹni kan àpótí. Mi ò fẹ́ kó bá Bàbá kọrin.