Irùn Ọlà Tó Hù sí Mi Lágbọ̀n

Ọmọbìnrin kékeré kan ni mo gbé lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Kíláàsì àwọn ọmọdé ni mò ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Wọ́n gba bisikíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sunkún, mo sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bó ṣe fọwọ́ pa mí lágbọ̀n báyìí, ẹkún dá. Ó ní, "Àǹtí, irùngbọ̀n yín ń gún mi bíi ti dádì mi." Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà mi já.

Mo mọ̀ pé irùn díẹ̀ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Obìnrin wo ni kò ní ẹyọ kan méjì? Nígbà tí mo délé, mo gbé dígí lọ sójú fèrèsé. Irùn dúdú, irùn líle, ó ti ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ọ̀fun. Ó wà lókè ètè. Mo ká aṣọ sókè, ó wà láyà, ó sì gba abẹ́ ìdodo lọ sísàlẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo dígí, àmọ́ n kò rí i pé ó ti pọ̀ tó báyẹn.

Modúpẹ́ lorúkọ mi. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Jankara ní Èkó, nínú ṣọ́ọ̀bù tí màmá mi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Àgùdà ni wá, àwọn baba ńlá wa ló ti Brasil padà wálé. Àwa obìnrin mẹ́ta là ń gbé inú ilé àtijọ́ náà: èmi, Mọ́mì mi, àti Màmá Àgbà tó bí Mọ́mì. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi ojú mi hàn wọ́n. Màmá Àgbà fọwọ́ kàn án, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Irùn ọlà! Irùn ìyá mi ló padà wálé yìí o!"

Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ ọ́n sọ pé obìnrin onírùngbọ̀n, olówó ni. Nílé tiwa, ọ̀rọ̀ náà ju àsọdùn lásán lọ. Ìyá tó bí Màmá Àgbà ní irùngbọ̀n, òun náà ló sì fi òwò aṣọ kọ́ ilé tí à ń gbé. Bí mo ṣe ń bèèrè bí màá ṣe fá a, Màmá Àgbà gbọn ìka sí mi: "O ò gbọdọ̀ fá a. Ẹni tó bá fá irùn ọlà, ọlà ló fá dànù." Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lágbọ̀n, wọ́n gbàdúrà. Ẹnu mi ṣe àmín. Ọkàn mi ní, Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọ̀nà mìíràn gbé ọlà náà wá.

Wọ́n ní kí n má fá a. Wọn ò ní kí n má tu ú. Mo ra twísà, irin kékeré tí wọ́n fi ń fa irùn tu, mo sì sọ ilé ìwẹ̀ di oko. Tí mo bá tu ú tán, àgbọ̀n mi á wú, á yọ kókó, á sì di dúdú kíríkírí. Mo tún ra ìpara kan tí wọ́n ní ó ń yọ irùn, ó bó mi láwọ. Nígbà tí gbogbo ayé bọ́ ìbòmú Kòrónà sílẹ̀, èmi ò bọ́ tèmi. Àwọn ará ọjà sọ mí ní Àǹtí Ìbòmú. Wọ́n á ní, "Àǹtí Ìbòmú, Kòrónà ti lọ o!" Èmi á ní eruku aṣọ ni mò ń sá fún.

Nǹkan mìíràn wà tí mi ò sọ fẹ́nikẹ́ni. Nǹkan oṣù mi ti ń fo ìgbà tipẹ́, nígbà tó yá kò wá mọ́ rárá. Ọmọbìnrin tí kò tíì wọlé ọkọ, bó bá lanu sọ pé òun ò rí nǹkan oṣù, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa bi í. Mo pa ẹnu mi mọ́. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Irùngbọ̀n là ń pàtẹ́wọ́ fún ní pálọ̀, nǹkan oṣù là ń fi pamọ́ sí yàrá, kò sì sẹ́ni tó ronú pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé, ọkùnrin tí a jọ ń fẹ́ra, wá ni ẹ̀rù ńlá tó wà níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe ní àdúgbò Adéníji Adélé. Ó ti sọ pé àwọn ẹbí òun fẹ́ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wa. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an. Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá na ọwọ́ sí ojú mi, mo máa ń yẹ̀ ẹ́. Mo lè fara da ẹ̀rín ará ọjà. Ohun tí mi ò lè fara dà ni kí ọwọ́ tí mo fẹ́ràn kan àgbọ̀n mi, kó sì fà sẹ́yìn.

Irùn tí mò ń tu ló tú mi fó. Eéwo kan yọ sí mi lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibà sì dá mi dùbúlẹ̀. Mọ́mì wọ́ mi lọ sí ọsibítù kan níbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń sọ kùlùkùlù, ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń fi káàdì rẹ̀ fẹ́ ara, gbogbo ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá sì ti yọjú la máa ń gbé ìdí sókè. Kì í ṣe orúkọ wa ni wọ́n ń pè. Oòrùn ti kanrí kó tó kàn wá.

Obìnrin ni dókítà náà. Ó bọ́ ìbòmú mi, kò pòṣé, kò fajú ro. Ó wo eéwo náà, ó wo irùn náà, lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?"

Mọ́mì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wolẹ̀. "Ó ti pẹ́, mà."

"Ó pẹ́ tó báwo?"

"Kí ọdún Àjíǹde tó dé ni."

Ọdún Kérésì ti kan ilẹ̀kùn nígbà náà. Mọ́mì fò dìde. "Modúpẹ́! Ta ló ni ín?"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná," ni dókítà wí.

Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ mi wò, kí ara Mọ́mì lè balẹ̀. Kò sí oyún. Mọ́mì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n nu ojú, inú tún bí wọn: "Oṣù yẹn wá dà?" Ohun tí dókítà náà fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Wọ́n fún mi ní oògùn eéwo àti ibà, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ lára mi. Wọ́n ní kí n mu omi títí ìtọ̀ fi fẹ́ pa mí, wọ́n fi nǹkan tútù kan pa mí níkùn, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo inú mi. Kò dùn mí, ojú ló tì mí, nítorí irùn ikùn mi wà níta gbangba. Lẹ́yìn náà ni a padà sílé lọ retí èsì. Ìdúró yẹn ló le jù nínú gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí èsì jáde, a padà lọ. Bí dókítà ṣe là á yé mi nìyí, mo sì fẹ́ kó yé ẹ̀yin náà. Ilé-ẹyin ni ibi méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ọmọ, tí ẹyin obìnrin ti ń gbó. Họ́mọ̀nù ni èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń sọ fún irùn pé kó hù, tó ń sọ fún oṣù pé kó wá. Irú èyí tó pọ̀ lára ọkùnrin, gbogbo obìnrin ló ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Tèmi ló pọ̀ jù. Nítorí náà, àwọn ẹyin mi ń bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, wọn kì í gbó débi tí wọ́n á jáde, wọ́n á wà níbẹ̀ bí àpò omi kéékèèké. Oṣù ò ní wá, irùn á máa hù. PCOS ni àwọn dókítà ń pè é. Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Ó ní kì í ṣe gbogbo irùngbọ̀n obìnrin ló jẹ́ àìsàn o, àwọn kan wà tí ara tiwọn rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀, àwọn mìíràn sì ní ohun mìíràn tó fà á. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣàyẹ̀wò kí a tó lo oògùn.

Mo bi í ní ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi. "Ṣé màá lè bímọ?"

"Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in ló ń bímọ," ó ní. "Ó lè pẹ́, ó lè gba ìrànlọ́wọ́. Mi ò lè ṣèlérí, àmọ́ ilẹ̀kùn ò tì."

Ó fún mi ní oògùn, ó ní kí n dín nǹkan dídùn kù, kí n máa rìn. Ó ní irùn tó ti hù kò ní ré bọ́, pé yóò pẹ́ kí n tó rí ìyàtọ̀, àti pé bí mo bá fẹ́ fá a, kí n fá a. Fífá kì í mú irùn nípọn sí i. Títu tí mò ń tu ú ló fa eéwo. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn, Mọ́mì ka ara páálí náà sókè. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ni. "Ọmọ tí a ò tíì rí, a tún ń fètò sí i?" Ọmọbìnrin tó ń ta oògùn náà ló ṣàlàyé pé wọ́n ń lò ó láti tún oṣù ṣe pẹ̀lú.

Ó wá ku Màmá Àgbà. Ẹ̀rù wọn bà mí ju abẹ́rẹ́ lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé àìsàn ni ọlà wọn? Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó ń rìn nínú ẹbí.

"Ìyá mi máa ń sunkún," wọ́n ní. "Èmi nìkan ni wọ́n bí, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Àwọn ará ilé ọkọ wọn máa ń pè wọ́n ní Bàbá Oníró, ọkùnrin tó ń ró ìró obìnrin. Bàbá mi ló bínú lọ́jọ́ kan, wọ́n dúró láàárín ilé, wọ́n ní, 'Irùn ọlà ni irùn ìyàwó mi, kẹ́nikẹ́ni má pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.' Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Bàbá mi fi bo ìyàwó wọn láṣìírí ni. Àwa tá a dé lẹ́yìn la wá sọ ọ́ di òfin."

"Owó tí wọ́n fi kọ́lé wá ńkọ́, Màmá?"

"Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe! Ṣé irùngbọ̀n ló ń gbé ẹrù aṣọ?"

Wọ́n ní kí n lọ gbé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ àti abẹ ìfárùngbọ̀n wá. Màmá Àgbà ló ń fá irùngbọ̀n bàbá wa àgbà nígbà tí ọwọ́ wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí náà ọwọ́ náà mọ ọ̀nà. Wọ́n gbé àgbọ̀n mi sókè, wọ́n ń fá a díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń yẹra fún ojú eéwo. Omijé mi ń dà pọ̀ mọ́ ọṣẹ. "Má mira o," wọ́n ní, "kí n má lọ gé ọlà mọ́ ọn." Ẹ̀rín àti ẹkún gbá mi mú lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnìkan ti fọwọ́ kàn mí lójú báyẹn kẹ́yìn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo lọ bá Káyọ̀dé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, mo ní kó pa á. Mo sọ fún un nípa irùn, nípa oṣù, nípa ọmọ tó lè pẹ́. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ ṣáá, kò wò mí. Mo ti ń múra àtidìde nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Mo rò pé mò ń rùn ni."

"Kí lo wí?"

"Gbogbo ìgbà tí mo bá sún mọ́ ẹ, o máa ń sá. Mo ti pààrọ̀ ọṣẹ. Mo ti sọ fún wọn nílé pé kí wọ́n dáwọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ dúró ná, pé obìnrin yìí ò fẹ́ mi."

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Lẹ́yìn náà ni mo fa ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo gíríìsì tó wà níbẹ̀, mo gbé e lé àgbọ̀n mi. Irùn náà ti ń yọrí padà. Mo di ojú mi, mo ń retí kó fa ọwọ́ yẹn. Kò fà á.

"Ó ń gún ni," ó ní.

"Ó ń gún ni," mo ní.

"Tèmi náà ń gún ni."

A ti ṣègbéyàwó báyìí. Nǹkan oṣù mi ń wá, ó máa ń pẹ́ nígbà mìíràn. Irùn náà ti dín kù, ó ti rọ̀, kò sì lọ tán. A ò tíì bímọ, dókítà ti pààrọ̀ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí yẹn fún mi, à ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, à ń retí. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń sunkún, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ara tí mo fi ṣe ọ̀tá tipẹ́, mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ rere. Òun ló ń gbé mi lọ Jankara, òun ló ń gbé mi bọ̀, irùngbọ̀n tó hù sì wà lára ohun tó fi ń sọ fún mi pé ilé-ẹyin mi ń fẹ́ ìtọ́jú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò dákẹ́ bíi tèmi. Ìwọ ọmọ ìyá mi tó ń ka èyí, tí irùn bá ń hù, tí oṣù ò sì wá, gbé méjèèjì lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀kan náà.

Láàárọ̀ Sátidé, èmi àti ọkọ mi la jọ máa ń dúró níwájú dígí, ọṣẹ funfun lágbọ̀n àwa méjèèjì. Tí mo bá parí, ó máa ń fọwọ́ pa àgbọ̀n mi wò látòkè délẹ̀, kò kánjú. Á ní, "Ó ku díẹ̀ níbí." Màá gbójú sókè, á sì bá mi fá a.