Oyún Tí Wọ́n Gbọ́ Nínú Mùíbì

Irọ́ ni wọ́n ń pa pé Mùíbì lóyún ní Masifa. Ọ̀rọ̀ náà ti dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, wọ́n ní oṣù márùn-ún ni. Iyán ló wà nínú ikùn tí ẹ̀ ń wò yẹn! Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ròyìn bó ṣe jẹ́ fún mi.

Ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá Mùíbì fi ta bàtà ní Abíjàn kó tó wálé. Nínú gbogbo ẹrù tó kó bọ̀, èyí tó fi ń yangàn jù ni ẹ̀rọ kékeré kan bíi fóònù, tí wọ́n fi ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù nínú oyún. Kò gún ni, kò la ni. Wọ́n á kàn fi nǹkan yíyọ̀ pa ikùn, wọ́n á gbé e lé e. Òrí ni màmá ń lò. Láti ìgbà náà, aboyún àdúgbò ò ráyè lọ sílé ìwòsàn mọ́.

Ó wá kan Ameenat, ìyàwó Mùíbì, olóyún oṣù mẹ́jọ. Ó kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Màmá, ọmọ ò mira láti àná. Ẹ jẹ́ n lọ rí nọ́ọ̀sì."

"Dùbúlẹ̀."

Gbì. Gbì. Gbì.

"Ṣó o gbọ́? Sàfá! Bí wọ́n ṣe ń ní àlàáfíà ni l'Ábíjàn nìyẹn. Ara rẹ̀ balẹ̀ bíi ti bàbá ẹ̀. Ọmọ tó ń sùn lo fẹ́ yọ lẹ́nu."

Ọkàn Ameenat ò gbà. Ó ránṣẹ́ pe Nọ́ọ̀sì Olúrántí. Màmá bá tún gbé ẹ̀rọ lé ikùn, kójú lè ti nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì di ọrùn ọwọ́ Ameenat mú. Bí iṣan ibẹ̀ ṣe ń sọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ̀rọ ń dún.

"Màmá, ọkàn Ameenat lẹ̀ ń gbọ́. Ti ọmọ máa ń yára jù báyìí lọ."

"Irọ́! Ẹ̀rọ Abíjàn!"

Nọ́ọ̀sì kọjú sí Mùíbì tó dúró tì wọ́n. "Bùọ̀dá Mùíbì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dùbúlẹ̀ ná."

Wọ́n fi òrí pa Mùíbì níkùn. Gbì. Gbì. Gbì.

"Ẹ kú oríire, màmá. Tọkọtìyàwó ló lóyún."

Sàká aládùúgbò wà lójú fèrèsé. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ oyún Mùíbì jáde.

Nọ́ọ̀sì wá ń fi ẹ̀rọ wá ọmọ kiri ìsàlẹ̀ ikùn Ameenat. Nígbà tó rí i, ọkàn ọmọ sáré gìdìgìdì, ó falẹ̀, ó tún falẹ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mùíbì, t'òun ti òrí níkùn, ló sáré lọ wá mọ́tò. Ní ọsibítù l'Ẹ́jìgbò, wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ ikùn Ameenat, èyí tó ń ṣọ́ ọkàn ọmọ láìdákẹ́, tó ń fa ìlà rẹ̀ sórí pépà. Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ. Obìnrin ni ọmọ. Igbe rẹ̀ dé géètì.

Ní báyìí, tí aboyún bá ti ní ọmọ òun ò mira, màmá ló ń kọ́kọ́ pe ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ ní ó ṣìnà? Mo bi í bó bá gbà pé òun ṣì í gbọ́, bí mo ṣe ń dìde lọ. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

"Ọkàn ni mo ní mo gbọ́. Ṣé mo dárúkọ ẹni tó ni ín ni?"