Itọ́ Lórí Fóònù

Bí mo bá rí ẹni tó lá ìka kó tó tẹ fóònù, èébì a máa gbé mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Manigri, nídìí iṣu tó ń bó. Ìyàwó mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá di ìyá fún ọmọbìnrin wa. Ọmọ náà ní àrùn ìfun tó máa ń mú un yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó dàgbà tó sì lóyún, dókítà ní kó má dá oògùn rẹ̀ dúró.

Àna mi lá ìka, ó tẹ fóònù, ó gbé ohùn olóògùn ìbílẹ̀ kan tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ sókè, ó sì sọ fún ọmọ mi pé:

"Gbọ́! Oògùn òyìnbó á jẹ ọmọ inú rẹ."

"Ìyá, dókítà ló mọ àìsàn mi."

"Ṣé dókítà ni yóò bá ọ rọbí?"

Ó da oògùn náà sí ilé ìgbẹ́. Àna tí mo ń dọ̀bálẹ̀ kí ni. N kò lè la ẹnu. Ìdákẹ́ mi náà ń rí mi lára.

Kò pẹ́ tí ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ fi padà dé. Mo gbé ọmọ mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Bassila. Agbẹ̀bí ka ọ̀rọ̀ àwọn dókítà fún wa lórí fóònù tirẹ̀: àrùn tí a kò tọ́jú léwu fún oyún. Ọmọ mi padà sídìí oògùn, ó sì bímọ láyọ̀.

Àna mi wá, ó gbé ọmọ tuntun náà, ó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: "Ẹ̀yin ìyá, ọmọ tí mo gbà lọ́wọ́ oògùn òyìnbó nìyí!"

Ó lá ìka, ó fẹ́ fi nu ojú ọmọ.

N kò dọ̀bálẹ̀. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.