Ìwúkàrà Tí Mo Jí

Ní nǹkan bí ọdún 1984, nígbà tí yíìsì inú agolo di ọ̀wọ́n gógó, èmi àti ìyá kan jọ ń dín pọfupọ́ọ̀fù ní títì kan náà ní Agbowó. Mo jowú rẹ̀ débi pé òórùn òróró rẹ̀ gan-an ń bí mi nínú. Tèmi á rí pẹlẹbẹ, tirẹ̀ á wú rìbìtì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á fò mí dá, wọ́n á lọ tò síwájú rẹ̀.

Kò fi ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu ló fi po fúláwà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì lò ó tán rí. Á ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú ìkòkò, á máa fi fúláwà àti omi bọ́ ọ láràárọ̀ bí ẹran ọ̀sìn. Ọdún mẹ́wàá rèé.

"Ó ti mọ ọwọ́ mi," ló máa ń wí.

Èmi ńkọ́? Díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ọkọ mi. Ẹmu kò gbọdọ̀ wọlé wa. Lọ́jọ́ kan tí ìyá náà ní kí n bá òun ṣọ́ iná, mo bu ṣíbí kan nínú ìkòkò rẹ̀, mo fi ewé wé e. Ẹmu kò wọlé wa, olè ló wọlé.

Ṣúgà ni mo fi tọ́ tèmi. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, kò kan bíi tàtijọ́ mọ́, ó sì ń yára wú.

Àfi bí ọmọ ìyá náà ṣe wá kí i láti ilé, tó fi omi híhó fọ ìkòkò ìwúkàrà náà mọ́ tónítóní. Ìyá náà káwọ́ lérí. Inú mi dùn ṣìnkìn, n kò ní purọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ó wá bá mi.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, fún mi díẹ̀ nínú tìrẹ."

Mo bù ú fún un. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò.

"Irú tèmi kọ́ rèé," ló wí. "Tèmi kan ju báyìí lọ. Ọwọ́ rẹ ló mọ̀. O ṣeun, ọmọ mi."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n tún fi ń tò síwájú rẹ̀. Ó ń sọ fún gbogbo wọn pé èmi ni mo ṣe òun lóore, wọ́n sì ń kí mi. Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́wọ́, kí ló tún kù tí mo lè pè ní tèmi?