Ọjọ́ Tí Mórẹ́nikẹ́ Fi Ẹsẹ̀ Òsì Gbá A

Títí ayé ni n ó máa rántí Sátidé tí Mórẹ́nikẹ́, ọmọ mi, gbá pẹnáritì ní pápá Springfield Gardens, lókè òkun níbi tí à ń gbé. Ọwọ́ òsì ló ń lò láti kékeré, òwe kan ṣoṣo sì ni mo fi ń bá a wí: "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni!" Ó gbọ́ tèmi débi pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹsẹ̀ òsì ni kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn, ará Pọtugí, fi gbá bọ́ọ̀lù jẹun nílùú wọn. Apá òsì pápá ló ti máa ń yí àwọn tó ń ṣọ́ ọ bí òkòtó, kí ìpalára orúnkún tó dá a dúró.

Ọ̀mì la wà nígbà tí wọ́n fún wa ní pẹnáritì. Kóòṣì, tó ti kíyè sí i pé ọwọ́ òsì ni Mórẹ́nikẹ́ ń lò, ní kó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a. Ọmọ wojú mi.

"Dádì, ẹ ò ní bínú?"

N kò mọ ìgbà tí mo pariwo: "Gbá a, jàre!"

Bọ́ọ̀lù wọlé! Mórẹ́nikẹ́ na ọwọ́ òsì sí mi, ó ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Bàbá mi nìyẹn!"

N kò bá a wí. Èmi náà fi òsì juwọ́ sí i.