Gílóòbù Tí Kò Tíì Kú

Lónìí, wọ́n mú iná lọ ní ọ́fíìsì wa ní Dùgbẹ̀, ẹ̀fọ́rí mi sì bá a lọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, gílóòbù gbọọrọ kan sì wà lókè orí mi tó ń ṣẹ́jú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ojú mi á máa ṣomi, orí á máa fọ́ mi délé.

Bí iná ṣe lọ, mo gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi tí kì í lo iná lọ sídìí fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò pẹ́ tí ara fi tù mí.

Mo bá lọ bá ọ̀gá wa. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi pààrọ̀ gílóòbù yẹn."

"Ìyá Bọ́lá, ṣé ó ti kú ni?"

"Rárá sà, ó kàn ń ṣẹ́jú ni."

"Ẹ ní sùúrù. Sítọ́ọ̀ tí wọ́n ti ń fúnni ní ohun èlò kì í fúnni ní tuntun àfi tí ti tẹ́lẹ̀ bá kú."

Ibi tí ọ̀gá ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni iná dé. Gbogbo ọ́fíìsì hó yèè, àfi èmi. Ọ̀gá ní kí n gbé ẹ̀rọ mi kúrò lọ́nà.

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi sọ ọ́: nínú èmi àti gílóòbù yìí, ta ni yóò kọ́kọ́ kú?