Omi Sààrì Tí Mo Fún Bàbá Mi

Ogójì ọdún ni bàbá mi, Àlímì Àkànó, fi gé bébà fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Bí ẹ bá gbé òkìtì bébà lé wọn lọ́wọ́, wọn kì í kà á. Wọ́n á kàn fi àtàǹpàkò fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní, "Ó ku mẹ́ta kó pé." Mẹ́ta náà ni yóò kù. Èmi Munirat, àbíkẹ́yìn wọn, mo ti fi wọ́n yangàn níléèwé rí.

Lẹ́yìn tí ìyá wa, Sinọ́tù, kú, bàbá kó wá sọ́dọ̀ mi ní Fọlá Àgòrò. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo ní, ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìtọ̀ wà. Nítorí olè, a máa ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, abẹ́ ìrọ̀rí mi ni kọ́kọ́rọ́ sì ń sùn. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lóru ni wọ́n máa ń dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi: "Munirat, dákun." Mo ra póò fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò lè tọ̀ sínú yàrá tí àwọn ti ń kírun.

Aránṣọ ni mí. Lọ́jọ́ kan oorun gbé mi lọ nídìí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ gún mi wọ èékánná. Lóru ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n dé, mo pòṣé. Mo ní, "Ẹ tún fẹ́ tọ̀? Ṣé odò ló wà nínú yín ni?" Wọ́n kàn tẹ̀ lé mi jẹ́ẹ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Mo mú wọn lọ sílé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, ó fún wọn ní oògùn tí wọn yóò máa lò lálaalẹ́, tí kò ní jẹ́ kí ìtọ̀ pọ̀ lóru. Èmi gan-an ló kìlọ̀ fún: "Tí wọ́n bá ti lò ó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mumi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kẹ́ ẹ sì máa mú wọn wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, torí ó lè jẹ́ kí iyọ̀ ara wọn lọ sílẹ̀." Mo ní, "Yes, dókítà."

Oògùn ṣiṣẹ́. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọ́n ń jí. Mo sùn, ẹ̀yin èèyàn mi, mo sùn bí òkú. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ dáa. Ìkejì, n kò mú wọn lọ, aṣọ iléèwé pọ̀ nílẹ̀. Mo kàn ń gbé páálí oògùn lọ sí kẹ́míìsì kan ní Fádèyí, wọ́n sì ń tà á fún mi.

Ààwẹ̀ dé. Ẹni tó bá lè sọ fún bàbá mi pé àgbà tó ń lo oògùn lè má gbààwẹ̀, kó wá sọ ọ́. Aago mẹ́wàá alẹ́, mo fún wọn lóògùn. Aago mẹ́rin ààbọ̀, mo gbé sààrì wá, mo fi píọ́ wọ́tà mẹ́ta tì í. "Ẹ mu ún tán o, oòrùn òní á le." Ọ̀rọ̀ dókítà kò sọ sí mi lọ́kàn rárá. Ta ló ń jẹ sààrì tí kì í mumi? Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń já ọ̀rá omi náà fún wọn.

Lọ́jọ́ kẹtàlá ààwẹ̀, wọ́n pè mí ní Sinọ́tù. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń to aṣọ ìbora bí ẹni ń to bébà, wọ́n ń kà á sókè: "Ení, èjì. Ení, èjì." Bàbá mi tí kì í kà! Nílé ìwòsàn, àyẹ̀wò fi hàn pé iyọ̀ ara wọn ti lọ sílẹ̀ kọjá ààlà.

Dókítà bi mí pé, "Ṣé wọ́n ń mumi lẹ́yìn oògùn ni?"

Mo wolẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mò ń fún wọn."

Ọjọ́ mẹ́fà la lò níbẹ̀ kí iyè wọn tó padà. Dókítà dá oògùn náà dúró. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mò ń sunkún.

"Bàbá, ẹ forí jì mí."

"Orí ti ń fọ́ mi láti bí ọjọ́ kẹta ààwẹ̀," ni bàbá mi wí. "Òòyì náà ń kọ́ mi, n ò kàn sọ ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"O ti ń rí oorun sùn. Mo máa ń gbọ́ bó o ṣe ń hanrun. Mo ní kí ọmọ mi sinmi."

Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́rùn wọn báyìí, tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n tún ń jáde, wọ́n á máa yọ́ ẹsẹ̀ rìn kí n má baà jí. Èmi ti jí kí wọ́n tó dìde. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lọ, mò ń gbọ́ ọ bọ̀. Tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tẹ́tí. Èmi náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.